Ọ̀rá nínú ọ̀rá: mo fún àwọn sọ́ọ̀sì inú píjínhóòlù mi ní máàkì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wa tírélà láti Dallas lọ sí Oklahoma City, tí mo sì ń gba I-40 já sí Amarillo. Ojú fèrèsé ilé oúnjẹ ni àwa onítírélà ti ń ra oúnjẹ jẹ. Wọ́n á na bọ́gà àti pọ̀tétò díndín sí ọ, wọ́n á tún da ẹ̀kúnwọ́ ọ̀rá pẹlẹbẹ sínú báàgì: kẹ́ṣọ́ọ̀pù, bámà, mọ́sítáàdì. Ti àwọn Ṣáínà, soy sauce ni, omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Kí èmi ọmọ Ìjẹ̀bú wá da nǹkan ọ̀fẹ́ nù? Inú píjínhóòlù ni mo ń kó wọn sí.

Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera àwọn awakọ̀ ní oṣù kẹta, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wà ní 148/92. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 140/90 lè gba ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì. Ọdún kan péré ni wọ́n fún mi. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, kò sì pariwo. Ó lọ síbi ọkọ̀, ó kó gbogbo ẹrù inú píjínhóòlù sínú abọ́, ó gbé e ka iwájú mi pẹ̀lú òṣùwọ̀n tó fi ń wọn fúláwà. "Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi ka iye iyọ̀ tó wà nínú ìwọ̀nyí."

Kò sí ohun tí mo rí kà. Òfin ibí gbà pé kí ọ̀rá tó bá kéré gan-an má gbé iye kálórì àti iyọ̀ sára, bó bá ṣáà ti kọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà tí oníbàárà lè pè. Ta ló fẹ́ torí kẹ́ṣọ́ọ̀pù pe èèyàn lórí fóònù? Ìgò inú fíríìjì la gbé síta, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.

Lára ìgò kẹ́ṣọ́ọ̀pù Heinz, ṣíbí ìjẹun kan, ìyẹn gíráàmù 17, ní kálórì 20, ṣúgà gíráàmù 4 àti sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ru) mílígíráàmù 180. Ọ̀rá kan jẹ́ gíráàmù 9, ó fi díẹ̀ lé ní ìdajì ìyẹn. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí kẹ́ṣọ́ọ̀pù ni mo ti ń bú látọjọ́ yìí. Àmọ́ ta ló ń lo ẹyọ kan? Mẹ́fà ni mo ń tẹ̀ sórí pọ̀tétò. Ti oníke kékeré, tí Heinz gbé jáde ní 2010, tó ṣeé ti pọ̀tétò bọ̀ tó sì ṣeé tẹ̀, kì í ro sí mi ní ṣòkòtò, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú ti àtijọ́ ló wà nínú ẹyọ rẹ̀ kan, ẹni tó ń ka iye tó jẹ, kó rántí. Máàkì 7 nínú 10.

Bámà ní tirẹ̀, ọ̀rá nínú ọ̀rá ni. Ṣíbí kan kálórì 90, gíráàmù 10 sì jẹ́ ọ̀rá. Iyọ̀ rẹ̀ kò burú, ikùn mi ló ń bá jà. Mo fún un ní 4. Mọ́sítáàdì kò ní kálórì tó ṣeé kà, dókítà á fún un ní 8. Ẹnu tèmi fún un ní 2.

Ó wá kan soy sauce. Lára ìgò Kikkoman, ṣíbí ìjẹun kan ní sódíọ̀mù mílígíráàmù 960. A já ọ̀rá kan sínú ṣíbí náà, ó kọjá ìdajì díẹ̀. Ìyẹn lé ní 500. Mẹ́ta ni mo máa ń dà sórí ìrẹsì díndín tó ti ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀! Àjọ ìlera àgbáyé sì ní kí àgbàlagbà má jẹ tó mílígíráàmù sódíọ̀mù 2,000 láàárín ọjọ́ kan gbáko, ìyẹn bí iyọ̀ tí kò kún ṣíbí tíì. Mo wá ka ohun tí wọ́n fi ṣe é lára ọ̀kan nínú wọn: omi ló ṣáájú, iyọ̀ tẹ̀ lé e, sóyà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bọ̀ lẹ́yìn, kàráméèlì ló sì sọ ọ́ di dúdú. Omi iyọ̀ tí wọ́n pa láró! Ọ̀kan tiẹ̀ ti bẹ́ sórí ìwé ọkọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òórùn rẹ̀ kò tíì lọ. Máàkì 1, torí pé ó dùn.

Ata gígún inú ike kékeré ló wà nínú píjínhóòlù báyìí, kò ní iyọ̀ rárá. Ìyàwó mi ṣì ń yẹ ibẹ̀ wò lọ́jọọjọ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bá ọ̀rá kẹ́ṣọ́ọ̀pù méjì níbẹ̀. Ó wò mí. Mo ní àwọn ìbejì ló ni wọ́n.