Àpótí bátìrì tí mo gbé lọ sí Kútọ̀

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò àjọ̀dún eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, ẹlẹ́ẹ̀kejìlélógún irú rẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, èmi ni mo ń kọ àkókò àwọn asáré ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní pápá MKO Abiola ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta. Láptọ́ọ̀pù méjì, àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan nítòsí ibi tí a jókòó sí. Bí láptọ́ọ̀pù bá kú nígbà tí wọ́n ń sá 4x100, kò sẹ́ni tó máa tún un sá nítorí ẹ.

Pówà báǹkì 20,000mAh ni mo kọ́kọ́ gbójú lé. Nọ́ńbà gbàǹgbà yẹn ló tàn mí. Wh (wáàtì-wákàtí), ìyẹn bí iná tó wà nínú bátìrì ṣe pọ̀ tó, ló yẹ kéèyàn wò. Ẹ sọ 20,000mAh di 20Ah, kí ẹ fi fóltì 3.7 tó wà nínú bátìrì náà sọ ọ́ di púpọ̀, 74Wh ni ẹ máa rí. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á tún bá ooru lọ. Bátìrì láptọ́ọ̀pù mi jẹ́ 50Wh, ẹ̀ẹ̀kan péré ló rí i ṣájì kún, ìyókù ò tó nǹkan. Láptọ́ọ̀pù kejì ti pẹ́, ṣájà rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́nu róbótó, kò tiẹ̀ rí ibi tó máa wọ̀ lára pówà báǹkì.

Ni mo bá lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra àpótí bátìrì kékeré kan: 256Wh, bíi kílò mẹ́ta àbọ̀, ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì gidi àti ojú USB-C. Owó ńlá ni fún mi, mo sì tún máa ná an.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní kò rọrùn. Mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo tẹ bọ́tìnnì, iná tàn, ọkàn mi balẹ̀. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ojú láptọ́ọ̀pù ṣàdédé ṣe bàìbàì. Mo wo igun ìsàlẹ̀: 9%. Mo bẹ̀rẹ̀ wo àpótí lábẹ́ ìjókòó, 81% ṣì wà nínú rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti pa ara rẹ̀! Ohun tó fà á ni pé bí láptọ́ọ̀pù bá ti kún, iná tó ń fà máa ń kéré, àpótí á rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́. Inú bí mi gan-an. Kò yẹ kí wọ́n tan irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti iléeṣẹ́. Inú áàpù rẹ̀ ni mo ti pa á lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé kí láptọ́ọ̀pù tó bá ní USB-C má fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àpótí á yí iná bátìrì padà sí irú iná ilé, ṣájà á tún yí i padà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan ló sì ń jẹ tirẹ̀. Iṣẹ́ kan náà, láptọ́ọ̀pù kan náà: 28W (wáàtì, bí iná tó ń jáde ṣe pọ̀ tó) ni mo rí lójú àpótí nígbà tí mo lo sọ́kẹ́ẹ̀tì, 21W nígbà tí mo lo USB-C. Mo wá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹlẹ́nu róbótó nìkan. Láti ọjọ́ kejì, 20% sókè ló máa ń kù tí a bá ń kó ẹrù nírọ̀lẹ́, títí kan fóònù àwọn ọmọ tó ń wá bẹ̀ mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún péré.”

Fáànù rẹ̀ ń pariwo bí oòrùn bá mú. Ẹ má torí ìyẹn fi aṣọ bò ó o, atẹ́gùn ló ń wá. Kò sí ìdérí kankan lójú ihò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò oṣù Karùn-ún kì í kìlọ̀, nítorí náà mo máa ń ní ọ̀rá lápò.

Ẹni tó bá máa wọ bàálù lọ sí ìdíje, kó má ra irú èyí. Wọn kì í jẹ́ kí bátìrì tó ju 160Wh wọlé pẹ̀lú èrò, èyí tó bá sì ju 100Wh lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ iléeṣẹ́ bàálù. Pówà báǹkì 74Wh méjì, nínú báàgì ọwọ́, ni kó gbé dání.