Ìyùn tí mo rà l'Ókè-Ajé

Ọ̀sẹ̀ méjì kí Iléyá tó dé ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀kẹ̀ kan nítòsí ọjà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wa, ti ní kí gbogbo obìnrin lo ìyùn lọ sí Ojúde Ọba, owó ọwọ́ mi ò sì tó ti ìyùn.

Mo na ọwọ́ sí okùn mẹ́ta kan tó pupa fòò. "Ìyá, ṣé ojúlówó ni?"

Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń sín. "Féèkì ni, ọmọ mi. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún."

Ẹ̀rín pa mí. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, irú rẹ̀ gan-an ni wọ́n pè ní "first grade", tí wọ́n sì dá ₦45,000 lé e!

Ìyá gbé ojúlówó kalẹ̀ kí n fọwọ́ kàn án. Ó tutù, ó wúwo, kóró rẹ̀ kan ò sì jọ èkejì. Ti ike fúyẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀ níbi tí wọ́n ti pa á pọ̀. Wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí àfọ́kù ìyùn kan, ó hó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, nítorí ohun tó wà lára èèpo ẹyin náà ló wà lára ìyùn. Wọ́n fún un sórí ike, kò mira.

Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ni ní Òyìnbó ní Ṣágámù ní ọ̀rọ̀ àwọn olè Lọ́ńdọ̀nù ni "fake" níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1812, ẹlẹ́wọ̀n kan kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, ó ní "fake" lè túmọ̀ sí kí wọ́n ja èèyàn lólè, ó sì lè túmọ̀ sí kí wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́. Lónìí, ẹ̀rín pàápàá lè jẹ́ féèkì. "Counterfeit" ló jẹ́ pé wọ́n ṣe é kó lè tan ẹnìkan jẹ. Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù méjèèjì fúnra yín. (Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo ń sọ ọ́ o, àwa tí wọ́n fi orúkọ wa pe owó ayédèrú láyé òyìnbó.)

Àléébù ò ṣàìsí. Ìyá ò gba tiránsífáà. Ọ̀sán Ojúde Ọba náà ni táńgúsì tí wọ́n fi sín okùn kan já, tí èmi àti ọmọ ẹlòmíràn ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nínú iyanrìn. Mo gbé e padà fún wọn. Wọ́n tún un sín lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní òwú yìí kì í ṣe féèkì.