Fitbit Inspire 3 fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe: ṣé iye ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé?

Tí Fitbit yìí, ìyẹn aago tó ń ka ìṣísẹ̀, bá wà lọ́rùn ọwọ́, ká má parọ́, kò ṣeé gbára lé. Fífì tí apá ń fì ló fi ń mọ̀ pé èèyàn ń rìn. Apá tí àìsàn mú kì í fì dáadáa, ọwọ́ kejì sì sábà máa ń di ọ̀pá mú. Bí ìrìn bá ṣe ń falẹ̀ tó ni ìṣísẹ̀ tí kò kà á ṣe ń pọ̀ tó. Ó dùn mí fún ẹni tó làágùn rìn, tí aago wá ní kò rìn!

Ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tí àìsàn ò mú. Okùn rẹ̀ lè kúrú, ẹ fi í sínú sọ́ọ̀kì tó fún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò: kí aláìsàn rìn pẹ̀lú ọ̀pá tó ń lò gan-an, kí ẹnì kan sì ka 100 ìṣísẹ̀ rẹ̀ sókè. Tí aago bá kọ 60, ẹ sún un díẹ̀, kí ẹ tún un kà. Ìlùkìkì ọkàn tó bá kà níbẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́. Iye kálórì náà ńkọ́? Ẹ fojú fò ó, torí ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́ ń gba agbára ju èyí tó ń ṣírò lọ.