Openpyxl: mo ti fi ṣe ìwé owó rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin ará, èmi ni mò ń tọ́jú ìwé owó rẹgbẹ́rẹgbẹ́ (ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà) wa n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tí Ojúde Ọba bá ti ń súnmọ́lé báyìí, owó aṣọ, owó ìlù, owó oúnjẹ á máa wọlé lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ ni mo sì fi ń kun orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ní pupa nínú Excel tẹ́lẹ̀, ọrùn á máa ro mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àbúrò mi ló ní kí n gbìyànjú openpyxl, àkójọ kóòdù tí wọ́n ń fi Python (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) lò láti ṣe fáìlì Excel. Ọ̀fẹ́ ni o, kò tiẹ̀ ní kí Excel wà lórí kọ̀ǹpútà yín.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ inú bí mi gan-an. Mo kọ PatternFill (àṣẹ tó ń kun sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àpótí kékeré inú Excel), mo fún un ní kọ́lọ̀ "FF9999" (pupa fẹ́ẹ́rẹ́), mo ṣí fáìlì, funfun báláú! Àṣé mi ò kọ fill_type="solid" sí i, tẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́ kò ní kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ṣe é kun A2 dé F2 lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa fi for loop (àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe léraléra) gba orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kọjá ni.

Àmọ́ number_format yẹn, tó ń sọ bí nọ́ńbà ṣe máa hàn, ha! Mo kàn kọ '#,##0', 250000 di 250,000, àwọn ìyá wa sì ń kà á wẹ́rẹ́ láìka òdo lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, ẹ lọ lò ó. Tí fáìlì yín bá ní àwọn shape (bí àpótí tàbí ọfà) tẹ́ ẹ yà sínú ẹ̀, ẹ ṣe kọ́pì sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó save, torí openpyxl máa pa wọ́n rẹ́.