Pákó tí mo fi ń tẹ òdòdó fún káàdì: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má lo bébà káàdì inú rẹ̀

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ fi òdòdó gbígbẹ ṣe káàdì fún ìkómọ, ọjọ́ ìbí tàbí ìgbéyàwó, pákó yìí tó rà. Mo fún un ní 4 nínú 5. Bébà káàdì tí wọ́n kó mọ́ ọn ló jẹ́ kí n yọ ọ̀kan.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, wọ́n sì gbé e wá bá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́ láìsí wàhálà. Pákó méjì ni, bóòtù mẹ́rin tó ní nọ́ọ̀tì abìyẹ́ ló so wọ́n pọ̀, páálí àti bébà tó ń fa omi wà láàrin wọn. Pákó náà nípọn, kò lọ́. Ọwọ́ lásán ni mo fi ń yí nọ́ọ̀tì rẹ̀, èyí ni mo sì fẹ́ràn jù, torí bí òdòdó ṣe ń gbẹ ló ń fẹ́lẹ́ sí i, ó di dandan kéèyàn máa fún un le. Ẹni tó bá gbé ìwé ńlá lé e lórí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀; apá kan á gbẹ, apá kejì á ká kò.

Bougainvillea ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún. Ohun aláwọ̀ àlùkò tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó rẹ̀, ewé ni. Funfun tíńtín àárín rẹ̀ gan-an ni òdòdó. Omi rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tiwa bo ògiri ilé. Màmá onílé máa ń sọ pé, “Já a, ọmọ mi, ṣebí ilẹ̀ náà ló ń dà sí.” Pride of Barbados náà dára, mo máa ń tú u ká kí etí òféèfèé tó yí pupa rẹ̀ po lè hàn. Ẹ fi hibiscus sílẹ̀ ní tiyín. Ẹbí kan náà ni òun àti ilá, ó ń yọ̀, pupa rẹ̀ á sì ṣú.

Lásìkò ọyẹ́, kíá ni òdòdó ń gbẹ. Lásìkò òjò, ẹ máa pààrọ̀ bébà tó ń fa omi yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdòdó á bu. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò tó rárá. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni mo fi ń kún un. Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ kí ẹ tó já òdòdó o.

Bébà káàdì wọn bí mi nínú. Ó ń dán, gúlù kì í mú un, ó sì fẹ́lẹ́. Mo kọ̀wé sí olùtajà, kò dáhùn títí dòní. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Under G, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, kẹ́ ẹ bèèrè èyí tí kò dán, 250 gsm (gsm ni wọ́n fi ń mọ bí bébà ṣe wúwo tó). Ti fọ́tòkọ́pì lásán, 80 gsm ni. A4 kan tẹ́ ẹ bá ká sí méjì, káàdì A5 kan nìyẹn.

Ẹ̀mú kékeré tí wọ́n kó mọ́ pákó náà dára gan-an, ẹnu rẹ̀ pàdé, kò já òdòdó mi kankan. Mo máa ń fi omi díẹ̀ la gúlù funfun, màá fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sẹ́yìn òdòdó láti àárín lọ sí etí, kí n tó fi ẹ̀mú gbé e sórí bébà. Ìwé wúwo á wà lórí rẹ̀ mọ́jú. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tẹ́ ẹ bá fún pé kó má gbé e síbi tí oòrùn ti ń ta sí i, torí àwọ̀ rẹ̀ á ṣí.