Mo sọ jẹnẹrétọ̀ olókùn di oníkọ́kọ́rọ́ n'Íbàdàn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, ẹ gbọ́ o. Tèmi ti tó ọdún 8, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì le dáadáa, àmọ́ màmá mi ò lágbára àtifa okùn mọ́, tí NEPA bá ti múná lọ báyìí inú òkùnkùn ni wọ́n máa jókòó sí títí èèyàn á fi dé. Ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan ní Àràròmi, ní Gate.

Ẹni àdúgbò wa tí mo kọ́kọ́ pè kàn fẹ́ de stáátà, ìyẹn ohun tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnnì kó lè tan, mọ́ ọn ni, kò tiẹ̀ wo inú ẹ̀. Ti Àràròmi yìí tú ìdérí, ó ní kí n fọwọ́ kan fláíwíìlì wò, ìyẹn irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ó dán bọ̀rọ́, kò léyín, bẹ́ẹ̀ eyín yẹn ni stáátà máa gbá mú kó tó lè yí ẹ́ńjìnnì. Ló bá pààrọ̀ ẹ̀ sí eléyín, ó de stáátà, ó fi sólẹ́nọ́ìdì tó ń gbé iná bátìrì fún stáátà téèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ sí i, pẹ̀lú bátìrì 12 volt, wáyà tó ki bí ìka ọmọdé ló lò, ó ní tínrín máa gbóná, stáátà ò sì ní lágbára. Kò yọ okùn o, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù, bí bátìrì bá kú a ṣì lè fà á.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ọjọ́ 2 tó dá di 6, ó tún gbàgbé láti so wáyà tó ń cháàjì bátìrì, mo ní láti padà lọ. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Lánàá màmá mi yí kọ́kọ́rọ́ fúnra wọn, ó dún gbìì, wọ́n ní, "Ṣé kò ju báyìí lọ ni?"