Mo Kẹ́kọ̀ọ́ Ogun ní U.S. Naval War College, Èmi Tí Mi Ò Gbé Ìbọn Rí

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níhìn-ín máa ń bi mí: kí ni sìfílíà, ẹni tí kì í ṣe ológun, ń wá nílé ẹ̀kọ́ àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà? Tí mo bá ń kánjú, mo máa ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa ju ọ̀pọ̀ yunifásítì tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè ọdún gbọọrọ lọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lè mọ ohun tó ń kó sí.

Àwọn ológun ojú omi ni mò ń bá ṣiṣẹ́ ní agbègbè Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia, níbi tí ibùdó ọkọ̀ ogun tó tóbi jù lọ láyé wà. Ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì ni tèmi: ta ló máa tún ọkọ̀ ṣe, èló ni, ìgbà wo ló máa parí. Èèyàn lè pẹ́ gan-an nídìí irú iṣẹ́ yìí láìmọ ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ náà ṣe tó bá ti kúrò ní èbúté.

Newport ní Rhode Island ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Ọdún 1884 ni Stephen Luce, ọ̀gá ológun ojú omi kan, dá a sílẹ̀, ilé tí ìlú Newport ń kó àwọn aláìní sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì fún un kó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn ló kà á sí ìranù, wọ́n ní orí omi ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ omi. Luce ò gbà. Ó pe Alfred Thayer Mahan wá kọ́ni, ohun tí Mahan kọ́ wọn níbẹ̀ ló sì di ìwé lọ́dún 1890, tí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń kan ọkọ̀ ogun ń kà káàkiri ayé.

Ẹ má rò pé ẹ ní láti kó ẹrù lọ sí Newport o. Ẹ̀ka kan wà fún àwa tí iṣẹ́ àti ọmọ ò jẹ́ ká kúrò nílé. Nígbà tèmi, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wà ní àwọn ibùdó ńláńlá bíi Norfolk àti San Diego, àti ní agbègbè Washington. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, láti oṣù Kẹsàn-án títí wọ oṣù Karùn-ún, kọ́ọ̀sì kan lọ́dún kan. Ẹni tí kò bá rọrùn fún láti wá lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ní ti CD-ROM nígbà náà fún àwọn tó wà lójú agbami tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dúró. Kò sí owó ilé ìwé fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó bá kúnjú òṣùwọ̀n. Fún sìfílíà nígbà tèmi, èèyàn gbọ́dọ̀ ti ní dìgírì, kó sì ti dé GS-11 ó kéré tán, ìyẹn ipele kan lórí àtẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ yẹ fọ́ọ̀mù wò dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́, torí irú òfin báyìí kì í pẹ́ yí padà.

Ohun kan wà tó yẹ kí sìfílíà mọ̀ kó tó wọlé. Lọ́dún 1986, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Goldwater-Nichols. Wọ́n ti rí i nígbà tí wọ́n lọ gba àwọn tí wọ́n há mọ́ Iran lọ́dún 1980, wọ́n sì tún rí i ní Grenada lọ́dún 1983, pé ológun ilẹ̀, ti omi àti ti òfuurufú wọn ò gbọ́ra wọn yé. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀ka méjì mẹ́ta ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ti di ara ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbé ọ̀gá ológun sípò gíga, kọ́ọ̀sì yìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń kà fún un. Ìyẹn ni pé ẹni tó jókòó tì yín lè wá torí ìgbéga, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá. Ó máa ń hàn nígbà tí wọ́n bá béèrè ẹni tó ka ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn tán.

Ìwé ọ̀hún pọ̀ jọjọ. Strategy and War ni wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ ṣe, ká ní wọ́n gbowó ni, òun nìkan tó owó náà. Clausewitz wà ńbẹ̀, ọ̀gá ológun Prussia tó kọ̀wé nípa ogun, tí ìyàwó rẹ̀ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́dún 1832 lẹ́yìn tó kú. Sun Tzu, ará China àtijọ́ tí wọ́n ní ó kọ̀wé nípa ogun, náà wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ogun lóríṣiríṣi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí Athens bá Sparta jà, ìlú Gíríìsì méjì, láti 431 sí 404 ṣáájú ìbí Jésù. Stansfield Turner ló mú ogun àtijọ́ yìí wọ ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà tó di ọ̀gá ibẹ̀ lọ́dún 1972. Ogun Vietnam ò tíì parí nígbà náà, ojú ọgbẹ́ ṣì tutù, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ lé e lórí lè fọwọ́ kan òkú ọ̀rẹ́ ẹlòmíì. Athens ò ní ẹbí nínú kíláàsì.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ìrìn àjò Sicily lọ́dún 415. Nicias, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gágun Athens, kò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò gbọ́. Ló bá yí ọgbọ́n dà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n máa nílò: ọkọ̀ tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ní lọ́kàn, ọmọ ogun tó pọ̀ sí i, oúnjẹ, owó. Ó rò pé tí wọ́n bá gbọ́ iye rẹ̀, ara wọn á rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ tán, ìtara wọn tún wá le sí i, wọ́n ní kó máa kó gbogbo ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di 413, ọkọ̀ ti run, ìwọ̀nba èèyàn ló padà délé, Nicias alára kú síbẹ̀. Bí mo ṣe kà á, ẹ̀rín pa mí lóru. Mo mọ Nicias! Mo ti bá a jókòó ní mítíìnì bọ́jẹ́ẹ̀tì: ọ̀gá tí kò fẹ́ iṣẹ́ kan, tó wá bu owó gọbọi lé e kí wọ́n lè fagi lé e, tí àwọn aláṣẹ ní kò burú, ẹ gba owó, ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ní kíláàsì lọ́sẹ̀ yẹn, olùkọ́ ní kí a mú àpẹẹrẹ mìíràn wá, ti ìlú alágbára tí àwọn tó ń dáàbò bò padà gbógun tì. Mo sọ ti Ìbàdàn fún wọn. Mo ní ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn dá ọmọ ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo, gbogbo ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ajẹ́lẹ̀ wá di ẹrù, títí àwọn yẹn fi parapọ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ń rí ìbọn ìgbàlódé rà ránṣẹ́ sílé. Ogun Kírìjì kò tú ká pátápátá títí di 1893, Ìbàdàn sì tún ń wo ẹ̀yìn nítorí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìlọrin. Àrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun lọ́dún 1885. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi wá bi mí pé (mi ò ní dárúkọ, òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n bá sọ nínú yàrá yẹn, wọn ò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹni tó sọ ọ́ gbé e jáde): “Kí ni Látòósà fẹ́ kó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun bá parí?”

Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ ìtàn Kírìjì. Mo mọ ẹni tó jà, mo mọ ẹni tó ṣàgbà, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo kọ́ọ̀sì náà. Ogun wo ni ẹ ń jà, kí ni ẹ fẹ́ gbà nínú rẹ̀, ṣé ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ká a? Wọ́n á bi yín nípa Napoleon, wọ́n á tún un bi nípa Japan, wọ́n á tún un bi nípa Korea, títí ẹ ó fi máa bi ara yín kí ẹ tó ra fìríìjì.

Kọ́ọ̀sì tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń pète ogun ojú omi, Joint Maritime Operations, lágbára lọ́nà mìíràn. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, torí ó kún fún ọ̀rọ̀ tí ológun ti gbọ́ láti ìgbà tó ti wọ bàrékè. Àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti rí i pé sìfílíà wúlò. Ìjà Leyte tí Amẹ́ríkà bá Japan jà lójú omi ní Philippines, oṣù Kẹwàá 1944, ni a ń yẹ̀ wò. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà méjì ló wà lójú omi: ti Halsey, abẹ́ Nimitz ló wà, ti Kinkaid, abẹ́ MacArthur ló wà. Kò sí ọ̀gá kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ fún àwọn méjèèjì àfi ní Washington. Halsey ránṣẹ́ sí àwọn tirẹ̀ pé òun máa ṣa àwọn ọkọ̀ ńlá kan jọ sí ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀. Kinkaid gbọ́ iṣẹ́ yẹn fìrí, ó sì gbà pé wọ́n ti ṣà wọ́n jọ, pé wọ́n ń ṣọ́ ojú omi tóóró San Bernardino. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Halsey ti kó gbogbo ẹ̀ lé ọkọ̀ Ozawa, ọ̀gá ológun Japan kan, lọ sí àríwá, ọkọ̀ agbébàálù tí bàálù ò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí wọn mọ́, ìdẹ lásán. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ 25 mọ́, Kurita, ọ̀gá Japan mìíràn, ti gba San Bernardino kọjá, ó yọ sí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà kéékèèké lẹ́bàá Samar. Wọ́n jà bí ẹni tí kò ní ẹ̀mí méjì, ọkọ̀ mẹ́rin nínú wọn rì nínú ìjà yẹn, Kurita sì padà sẹ́yìn.

Àwọn ológun inú kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí Halsey: ṣé ó láyà ni, ṣé ó ya aláìnírònú ni? Ó ń pọ̀ sí i. Èmi béèrè pé ta ló yẹ kó fèsì iṣẹ́ yẹn? Nídìí iṣẹ́ tiwa, kọ́ńtíráàtì tí ẹnì kejì ò bá fọwọ́ sí, kò tíì wà. Kinkaid ò sí lára àwọn tí wọ́n kọ ọ́ sí, kò lè fèsì, Halsey ò sì mọ̀ pé ó gbọ́. Àwọn ọ̀gá wò mí, olùkọ́ ní ká kúrò lórí ìwà Halsey, ká dúró síbẹ̀, a sì dúró síbẹ̀ títí agogo fi lù. (Ọjọ́ 25 yẹn náà ni àwọn kamikaze, àwọn ará Japan tó ń fi bàálù àti ẹ̀mí ara wọn kọlu ọkọ̀, kọ́kọ́ yọjú gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Nimitz, tó ti jáde ní Newport lọ́dún 1923, sọ lẹ́yìn ogun pé gbogbo ogun Japan ni àwọn ti ta bí ayò lórí tábìlì ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfi kamikaze.)

Kọ́ọ̀sì kẹta dá lórí bí ìjọba ṣe ń pinnu ọ̀rọ̀ ààbò: ilé aṣòfin, bọ́jẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń fa nǹkan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni, kò fi bẹ́ẹ̀ yà mí lẹ́nu, ológun ló máa jàǹfààní rẹ̀ jù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ṣe é. Ìwé kan náà ni, olùkọ́ sì mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá máa ta kò yín lórí ẹ̀rọ á ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, á ti pa á rẹ́, á ti tún un kọ, kó tó fi ránṣẹ́. Nínú yàrá, ó máa já lu ọ̀rọ̀ yín ni. Tí ẹ bá ń gbé ibi tí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wà, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ti íntánẹ́ẹ̀tì tàn yín torí pé ó rọrùn.

Ohun tó ń ná èèyàn níbẹ̀ ni àkókò. Hampton ni mò ń gbé, ọ̀nà abẹ́ omi tó wọ Norfolk sì lè dì mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ débi tí ẹ ó ti ka ìwé tán nínú mọ́tò kí ẹ tó dé. Ọ̀gá kan tí mo ní nígbà náà ò gbà kí n tètè jáde lọ́jọ́ kíláàsì, ó ní ogun kọ́ ni wọ́n gbà mí fún. Mo ní láti máa jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ìdájí láti fi dí i. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, kí ẹ gbà á ní kíkọ. Ẹ bá ará ilé náà sọ ọ́. Àròkọ wọn kì í ṣe èyí tí ẹ máa kọ lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la: wọ́n fẹ́ kí ẹ dá ìbéèrè lóhùn ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ wá wá ẹjọ́ alátakò yín jáde fúnra yín, kí ẹ sì dá a lóhùn. Àwa tí wọ́n tọ́ pé kí ọmọdé má já àgbà ní koro, ó máa ń ṣòro díẹ̀ láti sọ fún Captain tó ti pàṣẹ lórí ọkọ̀ pé “sà, mi ò gbà.” Ẹ sọ ọ́. Ohun tó wá gbọ́ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ìwé ẹ̀rí nìkan lẹ fẹ́, ẹ wá ibòmíràn tó yára. Tí ẹ bá ń ra nǹkan fún ológun, tí ẹ ń ka owó wọn, tí ẹ ń kọ lẹ́tà wọn, mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún. Àbọ̀ tó kù, ìwé tí wọ́n ń dá lé èèyàn lórí lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́.

Àwọn tó ń béèrè láti Nàìjíríà: ẹ̀ka tí mo ṣe yìí ò ṣí sílẹ̀ fún yín. Ológun ojú omi ilẹ̀ òkèèrè ń wá sí Newport láti 1956 nípasẹ̀ Naval Command College, àmọ́ ìjọba ló ń pè wọ́n, ìjọba wọn ló ń yàn wọ́n, èèyàn kì í dá forúkọ sílẹ̀. Nílé, ilé ẹ̀kọ́ ológun tó wà ní Jaji ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun láti 1976, National Defence College tó wà ní Abuja sì ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà mọ́ àwọn kọ́nẹ́ẹ̀lì; ibi iṣẹ́ yín ló máa fi orúkọ yín ránṣẹ́. Ẹni tí kò ní ẹni tó máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, kó lọ wo ẹ̀kọ́ dìgírì kejì ní Nigerian Defence Academy, Kaduna. Wọ́n ń gba sìfílíà níbẹ̀.